Ọwọ́ Inú Ìbọ̀sẹ̀

Ikú tó wọ ilé ọlọ kò kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ́ àkọ́bí ọmọ sórí ẹní lálẹ́, ó ń mí bí ọmọ ológbò. Ilẹ̀ mọ́, kò mí mọ́. Ara rẹ̀ ò gbóná, kò bì, kò yàgbẹ́ gbuuru, àní kò ké. Ìyá rẹ̀ nawọ́ láti gbé e sọ́mú, ó bá ara tó tutù bí irin ẹ̀rọ tí wọn ò tíì tan. Ọkọ rẹ̀ ti wà níwájú ilé nígbà náà, ẹ̀rọ ti ń bú ramúramù, síbẹ̀ ó gbọ́ igbe obìnrin náà. Igbe kan ṣoṣo tó tíì borí ẹ̀rọ ọlọ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló pa ọmọ? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá sì mọ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń mọ̀ ọ́n sọ.

Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ wà nílé náà, pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀ gígùn àti ẹnu rẹ̀ ńlá tó yà sókè bí ẹnu ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé. Ìyẹ̀fun wà lórí ohun gbogbo: lórí àga, lórí aago ara ògiri, nínú irun imú. Ẹni tó bá sín nílé ọlọ, funfun ló máa ń sín. Tí ẹ̀rọ bá sì ti ń ké, ẹnu di ẹrù lásán, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá Ọlọ ló kọ́ wọn, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ló dá ọlọ náà sílẹ̀. Tí o bá di ẹ̀ṣẹ́, tí o gbé e sẹ́nu, ohun tí o sọ ni pé: ẹnu ẹ̀rọ ti ṣófo, gbé ọkà wá. Tí o bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, tí o ń fi tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀: pa á, ó ti gbóná jù, jẹ́ kó tutù. Tí o bá sì gbé ọwọ́ lé àárín orí ara rẹ: èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹni tó bá da àgbàdo oníbàárà kan mọ́ ti ẹlòmíràn ló máa ń gbé e lórí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ọlọ fúnra rẹ̀ ò gbé e lórí rí. Ó ní orí òun tóbi, ọwọ́ òun ò ká a.

Obìnrin gbàǹgbà ni. Ìdí rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ gba àdúgbò. Òun náà ló sì máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

“Tí mo bá ń sọ àṣírí sí ẹ létí,” á ní, “ẹni tó wà lódì kejì odò á ní kí n tún un sọ, òun ò gbọ́ ìparí ẹ̀. Àní ìsó mi gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ rìn!”

Á wá rẹ́rìn-ín títí ọmú rẹ̀ méjèèjì á fi máa gbá ara wọn.

Ọmọ méjì ló bí. Ọkùnrin tó jogún ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ, jogún ohùn mọ́ ọn. Obìnrin, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ń rán àpò ọkà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Aránpò. Ó ti lọ ilé ọkọ, ó ti padà, pẹ̀lú àpótí kan àti abẹ́rẹ́ ńlá kan, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Láti ìkókó ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa ní, “Èyí ò ké rí. Mi ò mọ bó ṣe dàgbà. Mo kàn ń rí i pé ó ń ga ni.” Nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń pariwo, ẹni tó bá dákẹ́ ti jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó dé.

Lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn, kòkòrò wọ ọkà. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ ọlọ kejì lọ. Òwìwí kan sì wá fi àjà ilé ọlọ ṣe ibùgbé. Ojú rẹ̀ funfun, ó rí bìrìkìtì bí àwo. Tí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, á bọ́ sórí igi àjà, á máa wo ìsàlẹ̀ bí onílé tó ń wo àwọn ayálégbé. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta, kò lọ. Wọ́n fi igi lé e, ó kàn yí orí rẹ̀ ká bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ ò ní egungun.

Àárín èyí ni Ìyàwó, aya Ọ̀gá Ẹ̀rọ tí àkọ́bí rẹ̀ kú, tún lóyún, ó sì bí Kékeré.

Ayọ̀ Ìyá Ọlọ kún àkúnya. Á gbé ọmọ náà sókè, á ti ojú rẹ̀ bọ ojú ọmọ, á pariwo: “Ta ni ọkọ mi? Ta ni olówó orí mi?” Kékeré á wò ó díẹ̀, á sì yí ojú sápá òsì. Ìyá Ọlọ á bá ojú náà lọ sápá òsì. Ọmọ á yí i sápá ọ̀tún. Ìyá Ọlọ á tún pàdé rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín àti itọ́. Níkẹyìn ọmọ á na ẹ̀yìn, á di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, á figbe ta.

“Ẹ ò rí i?” Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Rédíò, aládùúgbò tó ń ta ọṣẹ àti ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ọlọ. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí kì í dákẹ́, kò sì nílò bátìrì. “Nǹkan kan ló ń rí lẹ́yìn yín.”

“Ìdí mi ló rí. Ẹ̀rù ló bà á.”

“Ẹ má fi ṣeré, Ìyá Ọlọ. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń jẹ ọwọ́.”

“Ọmọ wo ni kì í jẹ ọwọ́?”

“Èyí tó kú ńkọ́? Ṣé òun náà ò jẹ ẹ́?”

Ẹ̀rín kú mọ́ Ìyá Ọlọ lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ó rántí ọwọ́ kékeré yẹn, tó máa ń wọ ẹnu, tó máa ń jáde.

Rédíò rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ tó bá ń jẹ ọwọ́ báyìí, wọ́n ti ń bọ́ ọ lójú oorun ni. Ẹnu rẹ̀ ti mọ adùn ẹran ara. Ẹni tó ń bọ́ ọ ò sì jìnnà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.” Ó fi àgbọ̀n júwe yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Aránpò jókòó sí láàárín àpò rẹ̀.

Ìyá Ọlọ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ òun ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dàbí ìyẹ̀fun. O lè gbọn aṣọ títí, èyí tó wọ inú imú ti wọ inú imú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó wọlé tọ Aránpò lọ.

“Rán àpò kéékèèké méjì fún mi, ká fi bo ọwọ́ ọmọ.”

Aránpò gbójú sókè. “Nítorí kí ni, Màmá?”

“Kó má baà máa jẹ ọwọ́ ni.”

“Àpò ọkà ni mò ń rán. Mi ò ní rán àpò ọwọ́ ọmọ.”

“O kọ̀ fún mi?”

“Mo kọ̀, Màmá. Ọmọ yẹn ń...” Ọ̀gá Ẹ̀rọ tan ẹ̀rọ níwájú ilé, ẹ̀rọ sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì.

Ìyá Ọlọ ò dúró kó tún un sọ. Ó wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ méjì, ó kì wọ́n bọ ọwọ́ Kékeré, ó fi òwú àpò so wọ́n ní ọrùn ọwọ́.

Ó ti fi òfin kan lélẹ̀ tẹ́lẹ̀ nílé náà, òfin tó fi tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀: ọmọ tí ebi bá ń pa yóò ké, tí kò bá ké, ẹ má dà á láàmú. Báwo ni wọn ì bá sì ti ṣe é? Ìyàwó wà níwájú ilé, ó ń jọ ìyẹ̀fun láàárín ariwo. Ọmọ wà lórí ẹní lẹ́yìn. Ẹkún nìkan ló lè la ẹ̀rọ kọjá. Ẹkún Kékeré sì ń dínkù. Ó máa ń ké nígbà kan, ó di pé ó ń kùn, nígbà tó yá ó di pé ó kàn ń sùn. Tí wọ́n bá gbé e sọ́mú, á fà á díẹ̀, á sì sùn lọ.

“Ọmọ yìí mà dáa o,” ni àwọn oníbàárà ń sọ. “Kì í yọ èèyàn lẹ́nu.”

Ọrùn ọmọ tó dáa yìí ń tín-ín-rín bí okùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ, Ìyá Ọlọ wọ yàrá ẹ̀yìn láti wá fìtílà. Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Aránpò jókòó sórí òkìtì àpò, Kékeré wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tú ìbọ̀sẹ̀ kan. Ó kàn ń wo ọmọ náà, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń wò ó, ojú rẹ̀ là kedere bí ojú àgbàlagbà. Ọmọ yí ojú kúrò. Aránpò ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tún yí ojú padà fúnra rẹ̀, ó la ẹnu, ó fi ìka Aránpò sẹ́nu, ó ń fà á. Aránpò ń kun orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Lókè orí wọn, lórí igi àjà, òwìwí jókòó, ó ń wò wọ́n.

Orí Ìyá Ọlọ wú. Kí ló dé tí ọmọ fi ń dákẹ́ fún un? Kí ló ń fà lára rẹ̀? Ó fẹ́ pariwo, ohùn tí kì í kọ̀ ọ́ kọ̀ ọ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, ìdí rẹ̀ sì gbá ìkòkò omi dànù.

Ilẹ̀ tó mọ́, ó sọ fún Ọ̀gá Ẹ̀rọ àti Ìyàwó. Ó yẹ kó dákẹ́. Òun náà mọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ pé ó yẹ kí òun dákẹ́.

Ìyàwó bú sẹ́kún. “Mo ti mọ̀! Àkọ́kọ́ lọ, mo gbà fún Ọlọ́run. Èyí náà tún ń lọ lójú mi!”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ ń wí. “Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti dàgbà.”

“Ẹ̀yìn tó gbé yín náà ni wọ́n á fi gbé ọmọ yín lọ!”

Rédíò ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó lọ mú Aríran wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ariwo bàtà ló máa ń dé kó tó dé. Ọ̀sán ni, oníbàárà tò síta, wọn ò lè pa ẹ̀rọ. Aríran dúró láàárín yàrá iwájú, ó ń fi ọwọ́ bo etí, ó ń kígbe.

“Ọmọ ìkókó ò lè purọ́! Ẹ máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́! Ẹni tí ara ọmọ bá mọ̀, ara ọmọ á sọ!”

Wọ́n gbé Kékeré fún Rédíò, ó kùn. Wọ́n gbé e fún bàbá rẹ̀, ó na ẹ̀yìn gbọnrangandan. Wọ́n gbé e fún Ìyá Ọlọ. Ó yí ojú kúrò, bó ti máa ń ṣe. Wọ́n wá gbé e fún Aránpò. Aránpò gbà á jẹ́jẹ́, ó fi àlàfo díẹ̀ sí àárín ojú ara rẹ̀ àti tọmọ, ó dúró. Ara ọmọ dẹ̀. Ó wò ó. Ó la ẹnu, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, ó sì ki ojú bọ àyà rẹ̀, ó ń wá nǹkan.

Aríran fò sókè, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Ó ti mọ ilé oúnjẹ rẹ̀! Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ lójú oorun nìyẹn!”

Ìyàwó já ọmọ gbà. Aránpò ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn kékeré yẹn ò lè dé ibì kankan láàárín ẹ̀rọ. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́, ó fi ọwọ́ sọ ọ́. Ó nàka sí ọmọ. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀. Ó nàka sí ọmú Ìyàwó. Ó tún gbé ẹ̀ṣẹ́ sẹ́nu, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Ẹ wò ó!” Rédíò ń fò. “Ó ti jẹ́wọ́! Ó ní òun ti jẹ ọmọ, ìyá rẹ̀ ló kàn!”

Ìyá Ọlọ rí ọwọ́ náà. Òun ló fi kọ́ ọmọ yìí nígbà tí kò tíì ga tó àpò ọkà. Ara rẹ̀ gbọ́ ọ kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́. Àní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti sún díẹ̀ síbi tí ọkà wà. Ẹnu ẹ̀rọ ti ṣófo, gbé ọkà wá. Kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ yẹn ń sọ nílé ọlọ láti ìgbà tí ilé ọlọ ti wà. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ì bá rí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó ti fi ojú pamọ́ sára ọmọ, ló ń dì mú tí kò fi ṣubú.

Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sí Ìyá Ọlọ. Òun ló so ìbọ̀sẹ̀. Òun ló ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ọmọ tí kò ké. Tó bá túmọ̀ ọwọ́ náà fún wọn, ta ni wọn ó wá máa wò? Ó gbé ojú kúrò. Bí Kékeré ṣe máa ń gbé e kúrò lára rẹ̀ gan-an ló ṣe gbé e kúrò lára ọmọ tó bí, ohùn rẹ̀ sì borí ẹ̀rọ:

“Kó ẹrù rẹ. Jáde nílé mi.”

Aránpò gbé àpótí àti abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀, ó lọ. Kò ké.

Wọ́n gbọ́ pé ó ti gba yàrá kékeré kan létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta àpò. Ìyá Ọlọ ò béèrè. Ó ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń da oníbàárà lẹ́rìn-ín, ó ń fi ìdí ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò rí nǹkan kan. Eruku ìyẹ̀fun ló wọ òun lójú. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ẹ̀ṣẹ́ sẹ́nu níwájú ẹ̀rọ, á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Òwìwí náà ò sì bá Aránpò lọ. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó wà lórí igi àjà. Tó bá jẹ́ ẹyẹ rẹ̀ ni, kí ló ń dúró ṣe? Ẹyẹ ta ni?

“Tèmi ni,” ni ọkàn rẹ̀ sọ fún un. “Èmi ló ń wò.”

Kékeré ń sùn. Ó ń sùn ṣáá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bẹ́líìtì já. Ó dún gbàmù, ẹ̀rọ sì kú. Ọ̀gá Ẹ̀rọ jáde lọ wá òmíràn, àwọn oníbàárà lọ dúró lábẹ́ igi, Ìyàwó fi orí lé asẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, ó tòògbé. Ìdákẹ́jẹ́ wọ ilé ọlọ ní ọ̀sán gangan. Ó ṣàjèjì sí Ìyá Ọlọ bí àlejò tí kò kí èèyàn. Ó gbọ́ aago ara ògiri. Ó gbọ́ ikùn ara rẹ̀. Ó sì gbọ́ nǹkan kan láti ẹ̀yìn, kékeré, bí ìgbà tí ẹnìkan ń pọ́n ìka lá.

Ó lọ síbẹ̀. Kékeré ò sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń yí orí sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ẹnu rẹ̀ ń wá. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ sẹ́nu, ó ń fa òwú rẹ̀. Òwú náà ti rin gbìndìn.

Ìyá Ọlọ la ẹnu láti ké “Ta ni ọkọ mi,” ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ohùn ara rẹ̀ bà á lẹ́rù. Ó pa á mọ́ra. Ó kúnlẹ̀. Ọmọ wò ó, ó wò ó pẹ́, ó sì yí ojú kúrò. Ìyá Ọlọ ti fẹ́ bá ojú náà lọ, nígbà tí nǹkan kan mú un lọ́rùn. Pa á, ó ti gbóná, jẹ́ kó tutù. Ó dúró. Orúnkún rẹ̀ ń ro ó, ó dúró. Nígbà tó ṣe, ọmọ yí ojú padà wá fúnra rẹ̀. Wọn ò pè é, ó wá. Ó tún wò ó, ó sì gbé ọwọ́ inú ìbọ̀sẹ̀ yẹn sẹ́nu.

Òwú àpò náà ti le, kò tú. Ẹnu ló fi já a. Ọwọ́ ọmọ jáde, ó funfun, ó ti hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀, ó ń rùn kíkan. Ó di ẹ̀ṣẹ́. Ó gbé e sẹ́nu.

“Mo ti rí i,” ni Ìyá Ọlọ sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. “Dárí jì mí. Mo ti rí i tipẹ́.”

Ó gbé ọmọ lọ bá Ìyàwó. “Ìyàwó mi, fún un lọ́mú.”

“Kò tíì ké, Ìyá.”

“Kò ní ké mọ́. Ẹkún ni ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ gbogbo ìyókù kó tó kan ẹkún, a ò gbọ́.”

Kékeré fa ọmú. Ó fà, ó sinmi, ó yí ojú. Ìyàwó fẹ́ tì í bọ ẹnu rẹ̀ padà. Ìyá Ọlọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Jẹ́ kó tutù díẹ̀. Á padà.” Ó padà. Ìyàwó wo ọmọ, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, omi ń jábọ́ lójú rẹ̀ sórí ọmọ.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ojú rẹ̀ le. Ó ní kí wọ́n gbé ẹní ọmọ sí tòsí ìyá rẹ̀, kí wọ́n máa fún un lọ́mú kó tó di pé ó ké, kí wọ́n sì máa gbé e wá kí òun máa wò ó. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ọlọ dúró lẹ́yìn.

“Àkọ́kọ́ tó kú lójú oorun ńkọ́? Ṣé ebi náà ni?”

“Mi ò lè mọ̀, Màmá. Irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, a kì í sábà mọ ìdí rẹ̀.”

Ó ti wá gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò rí èyíkéyìí gbé lọ sílé.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìgbà yẹn ni Rédíò wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, oníbàárà tò, ó sì ń kígbe kí gbogbo wọn lè gbọ́: “Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀? Àjẹ́ jáde, ọmọ sanra! Ìyá Ọlọ, ọgbọ́n yín ló gba ọmọ yìí là!”

Àwọn èèyàn ń mi orí. Ọ̀gá Ẹ̀rọ pàápàá ń mi orí. Gbogbo rẹ̀ ti tò létòlétò. Kò kù ju kí Ìyá Ọlọ rẹ́rìn-ín. Òwìwí yan àkókò náà láti já bọ́ láti òkè, ó gbá eku ńlá kan mú láàárín ọkà, ó sì gbé e padà sórí igi. Ìrù eku ń fì lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo èèyàn rí i. Ohun tó ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí nìyẹn.

Ìyá Ọlọ ò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sáàárín yàrá, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbé e lé àárín orí ara rẹ̀. Ó sì ká a.

Rédíò ò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn oníbàárà mọ̀. Ọ̀gá Ẹ̀rọ mọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ yẹn lórí tí kò tíì gbé e rí, ó sì na ọwọ́ pa ẹ̀rọ. Nínú ìdákẹ́jẹ́, Ìyá Ọlọ sọ gbogbo rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀, òfin, ọwọ́ tí Aránpò gbé sẹ́nu. “Mo gbọ́ ọ,” ni ó wí. “Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, mo sì lé e.”

Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé etí títì.

Aránpò wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré náà, àpò wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, Ìyá Ọlọ ti to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni to igi ìdáná. Nígbà tó rí ojú ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tú. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Aránpò wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí ojú kúrò, ó ń rán àpò rẹ̀.

Ìyá Ọlọ ò bá ojú náà lọ. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, láàárín eruku, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà jáde. Ọ̀sán rọ̀.

“Ẹ mọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà,” ni Aránpò wí nígbà tó yá. Kò gbé ojú sókè.

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Lẹ́yìn tí mo lọ ni ẹ mọ̀ ọ́n, àbí lójú ẹsẹ̀?”

Irọ́ kan wà níbẹ̀ tó rọrùn. Ìyá Ọlọ gbé e mì. “Lójú ẹsẹ̀.”

Abẹ́rẹ́ wọ inú àpò, ó jáde.

“Ta ló kọ́ ẹ,” ni Ìyá Ọlọ béèrè, “tí o fi gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ?”

“Ta ni ì bá kọ́ mi? Èmi náà kì í ké, Màmá.”

Ìyá Ọlọ tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tó tún gbé ojú sókè, Aránpò ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Pa á, ó ti gbóná jù, jẹ́ kó tutù.

Ìyá Ọlọ mi orí. Ó dìde, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, ó jókòó sínú eruku, kò sọ̀rọ̀. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ta àpò ń bi ara wọn léèrè pé ta ni odi ńlá yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, láì wo ẹ̀gbẹ́, Aránpò na ẹsẹ̀, ó fi ti àpótí ìjókòó kan jáde sí i. Ìdí Ìyá Ọlọ ju àpótí náà lọ fíìfíì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ìdí kan jókòó, ó pa ẹnu mọ́, ó ń dúró.